Ṣáàfù Méjì fún Mọ́tò Inú Àpótí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé obìnrin kì í gé irin, mo máa ń bi í pé irin wo ló sọ fún un. Irin kò mọ akọ, kò mọ abo. Ọwọ́ tó gbọ̀n àti ojú tó fò ló mọ̀, á sì fi ìyà jẹ àwọn méjèèjì bákan náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí ní 1969 tí mo jà fún iṣẹ́ yìí ní Pọ́tákọ́ọ̀tù. Ìbọn pọ̀ nílùú nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjà tèmi kò ní ìbọn nínú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo bá jà, mọ́tò kan tí wọ́n kó wá láti òkè òkun nínú àpótí ló sì parí ìjà náà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó wọ Pọ́tákọ́ọ̀tù. Ó kọ́ iṣẹ́ tọ́nà níbẹ̀, nígbà tó yá ó ra ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Díóbù, kò jìnnà sí ọjà Mile 3. Iṣẹ́ tọ́nà ni pé kí èèyàn de irin mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí i, kí ó fi ọ̀bẹ irin tó le jù ú lọ gé e títí yóò fi rí bí ó ṣe fẹ́. Léètì là ń pe ẹ̀rọ náà. Ọmọ Ikwerre láti Eneka ni ìyá mi, èmi nìkan ló sì bí. Ó kú kí ogun tó dé, Eneka ni wọ́n sin ín sí, lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn rẹ̀. Mo máa ń lọ tu koríko ibẹ̀.

Nígbà tí ìjà dé Pọ́tákọ́ọ̀tù, Eneka náà la sá lọ. Bọ́ǹbù kan bú nítòsí wa lójú ọ̀nà. Kò pa wá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Nígbà tí a padà sí ṣọ́ọ̀bù, ògiri iwájú ti wó lulẹ̀ pátápátá, ẹni tó ń kọjá lójú títì lè ka eyín tó wà lẹ́nu wa. Léètì nìkan ló wà níbi tí a fi í sí. Àwọn olè ti gbìyànjú rẹ̀ wò, a rí ojú ibi tí wọ́n ti fi ọ̀pá tì í, ó wúwo jù wọ́n lọ. Láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni mo wá di ọwọ́ rẹ̀. Á jókòó sórí àga, á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gé. Tí mo bá gé e láṣejù, kì í pariwo. Á kàn ní, "Irin tó gùn ṣe é gé, èyí tó kúrú kò ṣe é fà." Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà gan-an, nítorí òótọ́ ni.

Òyìnbó ẹnjiníà kan ló ni mọ́tò tí mo ń sọ yìí kí ogun tó dé. Ó ní ní ìlú àwọn, èèyàn lè ra mọ́tò ní wẹ́wẹ́, kí ó sì tò ó fúnra rẹ̀ nílé. Àpótí mẹ́fà ló kó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, òun àti bàbá mi á tú àpótí, wọ́n á to díẹ̀, wọ́n á jiyàn díẹ̀, wọ́n á mu tíì. Ara mọ́tò náà kì í ṣe irin, ó fúyẹ́ bí igbá, ó sì pupa fòò. Èèyàn méjì péré ló ń gbà, kò ní òrùlé, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè wo ojú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà rí i pé ogun kò ní yẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní kí bàbá mi máa mú mọ́tò náà, òun ti fi ta á lọ́rẹ.

Nígbà tí a padà láti Eneka, gbogbo ara mọ́tò náà ló wà níbẹ̀ àyàfi dífù. Dífù ni kókó irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Òun ló ń gba agbára ẹ́ńjìnì, tó sì ń pín in fún ọ̀tún àti òsì. Ọ̀pá irin méjì, tí à ń pè ní ṣáàfù, ló ń ti ara rẹ̀ lọ bá táyà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó jí dífù fi ṣáàfù méjèèjì sílẹ̀ fún wa, bí ẹni jí ìkòkò tó fi ọmọrí sílẹ̀.

Báyìí la wà nígbà tí Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nítorí ta ni èmi tí màá pe orúkọ rẹ̀? Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ láti Èkó. Ó gbé àpò gààrí kan, agboòrùn kan àti ìpinnu kan wá.

"Ẹ kó ẹrù yín," ló wí kí ó tó jókòó. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ yìí máa fi já ẹrù, lẹ́yìn náà yóò padà sí Èkó. A jọ ń lọ ni. Ìlú tí bọ́ǹbù ti wó ògiri rẹ̀ kì í ṣe ìlú tí à ń bá ọmọ obìnrin gbé. Ẹ̀rọ yẹn, a ó tà á síbí. Ọmọ yìí á máa bá ìyàwó mi jókòó ní ìsọ̀ aṣọ títí Ọlọ́run yóò fi pèsè ọkọ fún un."

Bàbá mi wolẹ̀. Àbúrò ni, àbúrò kì í sì bá ẹ̀gbọ́n jiyàn ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá ti ọ̀nà jíjìn dé. Èmi ni mo dáhùn.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò lọ."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Abeg, ẹ fi mí sílẹ̀ síbí. I no dey go anywhere."

Pijin yẹn ló dùn ún jù. Ó yíjú sí bàbá mi. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ọmọ tí a bí nílé wa ló ń fọ èdè ọlọ́jà sí mi lójú. Wò ó, tí o bá tún fi í síbí fún ọdún kan, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn mọ́."

Mo ti kúnlẹ̀ kí i nígbà tó dé, orúnkún mi ṣì ní iyanrìn. 

Bàbá mi wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo mọ́tò yẹn. Ó ku kí a wá dífù mìíràn, kí a gé ṣáàfù bá a mu, kó máa rìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe é."

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wo mọ́tò, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Tí mọ́tò yìí bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kúrò ní àgbàlá yìí kí ọkọ̀ mi tó lọ, ẹ jókòó. Mi ò ní bá yín sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá jáde, a ó ta ẹ̀rọ, ẹ̀yin méjèèjì á sì bá mi lọ láìsí ẹkún."

"Mo gbà," mo wí, kí bàbá mi tó la ẹnu. Bí gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe wá di ọ̀sẹ̀ méjì àti ṣáàfù méjì nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa mọ́tò ní Pọ́tákọ́ọ̀tù lọ́dún náà. Ẹni tó bá ní mọ́tò, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé á yọ táyà rẹ̀, á gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, á sì fi tapólì bò ó. Ìdí ni pé mọ́tò tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹni tó ní ìbọn lè yà wọlé, kó ní òun fẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́ kan, kó sì gbé e lọ láìdágbére. Àwọn onílọ́rì mọ ohun tí ojú wọn rí. Èyí tó bá wà lórí búlọ́ọ̀kù, òkú ni, ta ló sì ń gba òkú lọ́wọ́ ẹni? Ó wá di àṣà. Atúnmọ́tòṣe á tún mọ́tò ṣe tán pátá, kò ní jẹ́ kí ó tẹ ilẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan ní Rumuolumeni tó yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tó gbé wọn kọ́ àjà. Mọ́tò tiwa náà, orí búlọ́ọ̀kù ló wà, abẹ́ tapólì ni mo sì ti ṣe gbogbo iṣẹ́ mi. Oòrùn ń pa tapólì, tapólì ń pa mí.

A ní mọ́tò ńlá kan lẹ́yìn ilé tó ti kú tipẹ́, tí dífù rẹ̀ ṣì dára. Òun la yọ, la dè mọ́ ara mọ́tò inú àpótí. Ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ihò mẹ́rin ló wà lójú ṣáàfù tiwa, ihò mẹ́fà ló wà lójú dífù ọ̀hún. Dífù náà sì tún fẹ̀ ju èyí tó sọnù lọ, nítorí náà ṣáàfù ti gùn jù. Bàbá mi ní ọ̀nà kan ló wà. Kí n gé ṣáàfù mọ́tò tó kú, kí n mú apá tó bá dífù mu. Kí n gé ṣáàfù tiwa, kí n mú apá tó bá táyà mu. Lẹ́yìn náà kí n gé irin oníhò kan lórí léètì tí yóò gba àwọn méjèèjì sínú bí àkọ̀ ṣe ń gba ọ̀bẹ, kí n wá fi iná jó o pọ̀. Ṣáàfù kọ̀ọ̀kan ní ibi kan tó ti lè wọ inú ara rẹ̀ díẹ̀, bí ìbú ìka kan, kí táyà lè rí àyè lọ sókè sódò nínú kòtò. Àyè yẹn ni a kò gbọ̀dọ̀ fi ṣeré.

Mo gé ọ̀pá ọparun, mo fi wọn àlàfo tó wà láti ojú dífù dé ojú táyà. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ ọ̀kan náà. Inú mi dùn, mo fi ọ̀pá náà han bàbá mi, inú òun náà dùn. Bí òmùgọ̀ méjì bá fẹnu kò, kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi gé irin. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ á jókòó sí ìbòòji lẹ́yìn oúnjẹ, á máa ka àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bímọ sí mi létí. Lọ́jọ́ kan ó ka mọ́kànlá. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi kí wọn," mo sì fi ọ̀bẹ léètì bọ irin kí ariwo irin lè bo ohùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, tí kò tíì sí ẹsẹ̀ ní títì, a de táyà mọ́ mọ́tò náà láti dán an wò kíákíá, kí a sì tún gbé e padà. Mo yọ búlọ́ọ̀kù apá òsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ jáàkì kalẹ̀. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ife gààrí rẹ̀. Jáàkì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, táyà tẹ ilẹ̀. Ó yẹ kí sípíríǹgì tẹ̀, kí ara mọ́tò sì sún mọ́ ilẹ̀. Kò tẹ̀. Ó dúró gbagidi. Mo tún sọ jáàkì sí i. Nǹkan dún gbàù lábẹ́ ibẹ̀, irin tí a fi de dífù sán láti etí kan dé èkejì.

"Ó ti tán," Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú ló fi sọ ọ́, èyí ló sì bí mi nínú jù.

"Bàbá, ó ku ọjọ́ márùn-ún."

"Ọjọ́ márùn-ún kì í sọ obìnrin di tọ́nà."

"Tọ́nà ni mí kí ẹ tó dé, Bàbá."

"Ó tó," bàbá mi wí. Èmi ló ń bá wí, mo sì mọ̀ pé mo ti kọjá àyè mi. Mo wọ abẹ́ mọ́tò lọ bí ẹni tó fẹ́ wo ohun tó bàjẹ́, mo sì sunkún níbẹ̀ dáadáa. Inú ń bí mi, ojú ń tì mí. Ẹ̀rù Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí mi ò rí rí, tí kò ṣẹ̀ mí ní nǹkan kan, ń bà mí bí ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n.

Ibẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mo fi rí i. Apá òsì mọ́tò ti wà nílẹ̀, apá ọ̀tún ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ṣáàfù ọ̀tún dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti ara dífù lọ sísàlẹ̀, nítorí táyà rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lófuurufú. Ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó ti wọ inú ara rẹ̀ dé ibi tí kò lè wọ̀ mọ́, ó sì fún pinpin láàárín táyà àti dífù. Mo nu ojú mi. Mo rántí àkàsọ̀ tí a gbé ti ògiri. Àkàsọ̀ tó dà báyẹn gùn ju àlàfo tó wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ògiri lọ. Táyà tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ ń béèrè ṣáàfù tó gùn. Táyà tó bá tẹ ilẹ̀, tí ẹrù mọ́tò jókòó lé e, kò fẹ́ gígùn yẹn. Orí búlọ́ọ̀kù ni mo ti wọ̀n ọ́n. Mo ti wọn bàtà fún ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Mi ò rò pé tọ́nà ìlú mìíràn lè ṣe àṣìṣe yẹn. Níbi tí ara ti tu èèyàn, mọ́tò á dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, ó parí. Àwa la ti fi mọ́tò sókè pẹ́ débi pé a gbàgbé pé orí ilẹ̀ ló ti ń rìn. Ìbẹ̀rù la fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọparun.

Mo jáde, mo ṣàlàyé fún bàbá mi. Ó pa ojú dé, ó ń rò ó, ó sì mi orí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Irin tó gùn ni, ó ṣe é gé."

"Bàbá, a ní láti sọ ọ́ kalẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, ẹrù nínú rẹ̀. Kí n wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kí n gé e, kí n sì fi iná mú un mọ́ra níbi tó wà kí ó má baà yẹ̀. Ó máa gbà wá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán."

"Lójú títì?"

"Kò sí ògiri, Bàbá. Lójú títì ni."

"Wọ́n á gbà á."

"Kí wọ́n wá gbà á!" Ohùn mi ti ga ju ti ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ lọ. "Tí a bá fi í sórí búlọ́ọ̀kù, ó ti lọ náà nìyẹn, léètì ti lọ, èmi náà ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó wá gbà á lójú mi."

Bàbá mi wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó dìde. Ọwọ́ yẹn gan-an ló fi di tapólì mú, ó sì wọ́ ọ kúrò lórí mọ́tò. Àwọ̀ pupa náà tàn láàárín àgbàlá bí ata tó pọ́n. Mi ò fẹ́ràn bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kan ni a fi tún irin tó sán ṣe. Ní ọjọ́ kọkànlá, lójú ọjọ́ gbangba, mo tú ṣáàfù kúrò, mo kó búlọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jù sí ẹ̀yìn ilé, mo sì sọ mọ́tò náà kalẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí Mile 3 dúró. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ẹja gbígbẹ pariwo pé, "Turner, una motor don get leg o!" Àwọn mìíràn ń wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n ń fi ojú sọ fún mi pé kí n tètè gbé e padà. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí wọn.

Mo ń wá ẹrù tí màá kó sórí àga mọ́tò, kí ó lè tẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn wà nínú rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá ṣọ́jà kan yà wọlé. Ọkùnrin gíga ni, ó sanra, ọ̀pá kékeré wà lábíyá rẹ̀. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń fún mi ní ìmọ̀ràn láti àárọ̀, ni mo wò tí mi ò rí mọ́. Ó ti wà lẹ́yìn léètì.

"Who get this motor?" ọ̀gá náà bèèrè.

"Na me, Oga."

"E dey waka?"

"E never waka. Na im shaft I dey do so."

Ó rìn yí i ká. Ó fi bàtà ta táyà. Sípánà wà lọ́wọ́ mi, mi ò jù ú sílẹ̀. Mo ti pinnu pé tí ó bá ní òun fẹ́ ẹ, màá sọ pé rárá. Mi ò mọ ohun tó máa tẹ̀lé rárá yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n rárá náà ti wà lẹ́nu mi, ó ń dúró de ìbéèrè.

Kò bèèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ká ara rẹ̀ wọ inú mọ́tò, ó jókòó. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Mo sì rí i tí ẹ̀yìn mọ́tò rọra tẹ̀ sílẹ̀, bí mo ṣe ń wá a gan-an. Ó fẹ́ dìde.

"Oga, abeg, no come down!"

Obìnrin ẹlẹ́ja fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wetin you talk?"

"I say make you sit down well, sir. You get weight. I wan measure."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, mọ́tò náà ń mì pẹ̀lú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rí fìlà tó yọ lẹ́yìn léètì. "Papa!" ló wí. "Yes, you. Come enter this side. Motor no dey balance with one person."

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ jáde wá, ó ń tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó wọlé, ó jókòó tì í. Àwọn méjèèjì ń wo iwájú gan-an bí ọkọ àti ìyàwó tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Mo fà wọ abẹ́ mọ́tò. Mo fi ọ̀pá ọparun mi wọ̀n ọ́n. Ó kúrú sí ti tẹ́lẹ̀ ní ìbú ìka méjì lápá ọ̀tún, ìka kan àbọ̀ lápá òsì. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin nítorí mo ti kọ́gbọ́n, àwọn méjèèjì sì jókòó títí mo fi ṣe tán.

Nígbà tí ọ̀gá náà sọ̀kalẹ̀, ó rí tapólì àti búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé. Ó yà á lẹ́nu. "You mean say una dey hide this one? Two people and one fowl, e don full. Wetin I wan use am do?" Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Àwọn èèyàn náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e. Àwa la sáré nínú ẹ̀gún láti ọjọ́ tí a ti dé láti Eneka, kò sì sí ohun tó ń lé mọ́tò yìí. Mo bínú sí ara mi ju bí mo ṣe bínú sí ẹnikẹ́ni lọ.

Èyí tó kù, iṣẹ́ ni. Mo gé àpọ̀jù kúrò. Mo to ṣáàfù síbi tó yẹ lábẹ́ mọ́tò, mo fi iná kan án níbi mẹ́rin kí ó dì mú, mo tú u, mo gbé e lọ sórí léètì, mo jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé sún mọ́ ọn kí ó lè fi àmì sí ibi tó ti wọ́. Irin tí iná bá mú lápá kan máa ń fà sí apá yẹn, nítorí náà mo jó díẹ̀ níhìn-ín, mo yí i, mo jó díẹ̀ lọ́hùn-ún, mo dúró kó tutù. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, mo bi í bóyá mo ń ṣe é dáadáa. Ó ní, "Tí o bá ń ṣe é bàjẹ́, ìwọ á ti gbọ́."

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ní ọ̀sán, mo tan ẹ́ńjìnì. Ó hó, ó kú. Mo tún un tan, ó gbà. Mo fi gíà sí i, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, mọ́tò náà sì rìn. Ó kọjá ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀, ó kọjá obìnrin ẹlẹ́ja, ó bọ́ sójú títì. Mo lọ títí dé ọjà, mo yí padà, mò ń pariwo bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dúró lẹ́nu àgbàlá. Ó ní, "Mo ti rí i," ó sì wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyẹn, ẹ jẹ́ kí a yìn ín.

Èmi ni mo gbé e lọ sí èbúté lọ́jọ́ kejì. Ó di fìlà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi èkejì di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tí a dé agbedeméjì ọ̀nà, ó ní, "Nǹkan kan ń dún lápá òsì."

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Màá tún un gé."

Èrò pọ̀ ní èbúté ju iyanrìn lọ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì yọ ìwé ọkọ̀ mẹ́ta láti inú àpò rẹ̀. Ó ti gba ti bàbá mi àti tèmi láti ọjọ́ tó ti dé, kí ó tó rí wa rárá. Ó na méjì sí mi. Ojú rẹ̀ kò le.

"Àyè yín ṣì wà, ọmọ mi."

Mo wo ìwé náà. Obìnrin kan wà nítòsí wa tó gbé ọmọ pọ̀n, tó ti ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ dé Èkó. Mo gba ìwé méjèèjì, mo sì fi lé e lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ń súre.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ká ìwé tirẹ̀ sínú àpò. "Kí ni kí n wá sọ fún wọn nílé?"

"Ẹ ní ọmọ àbúrò yín ló gé ṣáàfù mọ́tò tó gbé yín dé ibí."

"Wọn ò ní gbà mí gbọ́."

"Ìyẹn ò kàn mí, Bàbá."

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sì kí i pé ó dàbọ̀, nítorí ọmọ tó ní òun kò lọ kì í ṣe ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo wọ mọ́tò mi, mo sì lọ sílé.